Orí Kusi Tí Wọ́n Fá

Nígbà tí Nikasia ti ìsọ̀ dé tó rí orí ọmọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé ọmọ ará ilé kejì ló jókòó sórí àpótí. Orí náà ń dán, etí méjèèjì yọ síta, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti òròmọdìyẹ. Ìgbà tí ọmọ náà pè é ní "Mamay" ló tó mọ̀ pé Kusi ni. Kusi tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí àlùmọ́gàjí kò kan orí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ta ló dán èyí wò?"

Edilberto ọkọ rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Edilberto, Màmá Hermelinda tó ni ilé, ló dáhùn láti ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

"Èmi ni. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó yẹ kó o kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni. Ọjọ́ Ajé ni iléèwé ń wọlé. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè é lóbìnrin ni, àbí kí wọ́n máa pè é ní ará oko?"

"Màmá, ṣé kì í ṣe ọ̀la là ń lọ ni? Ṣé kì í ṣe ọ̀la ni gbogbo ẹbí mi fẹ́ gé e?"

"Mo ti bá wọn gé e. Wọ́n á rí àyè jẹun dáadáa."

Ní Wayllapata, abúlé Nikasia lórí òkè, a kì í fi irin kan irun ọmọ títí ẹbí yóò fi pé. Irun náà á ta kókó bíi ti dàda, ìyá ọmọ á máa fi òwú pupa dì í. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹni tí wọ́n yàn ní baba irun á gé ìdì àkọ́kọ́, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì gé ìdì kan gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fún ọmọ lójú gbogbo ayé, ìbáà ṣe abo àgùntàn, ìbáà ṣe poro pòtétò. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ di ẹni tí a kà mọ́ ìlú, tó ní ilẹ̀, tó lẹ́nu láàárín àwọn àgbà. Ọmọ tí wọn kò gé irun rẹ̀ lábúlé, àlejò ni, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ-ọmọ onílé. Bàbá Nikasia, Taita Melkor, kò sì ní ọmọ mìíràn láyé yìí, kò ní ọmọ-ọmọ mìíràn. Bí wọn kò bá ka Kusi mọ́ ìlú kí bàbá náà tó kú, ilẹ̀ rẹ̀ di ti gbogbo abúlé, ìdílé náà parẹ́ nìyẹn. Bàbá ọ̀hún ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ikọ́ kì í jẹ́ kí ó sùn mọ́.

Nikasia ò bá wọn jiyàn mọ́. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ ní òpópónà olókùúta lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, bóyá ó lè rí irun náà gbà. Ọkùnrin náà ń nu dígí rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ti gbé e lọ lọ́sàn-án. Ọmọ yẹn mà ké o! Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá ẹ̀ tó bá mi di orí ẹ̀ mú gírígírí, ǹ bá má rí i gé."

"Bàbá ẹ̀?"

"Bàbá ẹ̀ ni. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Nikasia fi ìbínú gòkè padà. Ìsọ̀ Màmá Hermelinda wà létí gbàgede ńlá ìlú Kusko, níbi tí àwọn àlejò láti gbogbo ayé ti ń dà gììrì. Ọmọlańgidi onídìí irun méjì ló ń tà jù níbẹ̀. Àràárọ̀ ló sì ń ní kí Nikasia wọ yẹ̀rì òkè, kó de fìlà òkè, kó dirun rẹ̀ sí méjì, kó gbé ọmọ àgùntàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn àlejò lè yà á ní fọ́tò. "Àṣà wa rèé o!" ni obìnrin náà máa ń ké sí wọn. Bí wọ́n bá délé, kò gbọdọ̀ sọ èdè òkè létí ọmọ rẹ̀. Irun ló ń bọ́ ilé yẹn, irun ló ń ra ẹran sínú ìkòkò wọn, irun náà ni wọ́n wá fá lórí ọmọ bí ẹní fá ẹ̀gbin. Ẹ ò rí ayé lóde!

Ó bá Edilberto lẹ́nu ọ̀nà.

"O di orí ẹ̀ mú."

"Kí abẹ má baà ṣe é léṣe ni. Nikasia, o mọ Màmá. Tí wọ́n bá ti pinnu nǹkan..."

"Ọkùnrin ni ẹ́? Orí ọmọ ẹ lo bá wọn dì mú, bí ẹni di ẹsẹ̀ àgùntàn tí wọ́n fẹ́ pa mú! Ọ̀la, gbogbo wa là ń lọ. Ìyá ẹ ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ fún bàbá mi."

Màmá Hermelinda gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Màá lọ. Kí ni àwọn ará oko yẹn fẹ́ fi mí ṣe? Wọ́n á jẹ mí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá Hermelinda wọ bàtà gogoro, ó fín lọ́fíńdà títí Kusi fi ń sín.

Wayllapata pa rọ́rọ́ bó ti máa ń rí. Omi ń ṣàn wọ́ọ́rọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, èéfín ń yọ lórí òrùlé, àgùntàn ń jẹko. Ìdákẹ́jẹ́ yìí làwọn àlejò máa ń wá fi tu ara, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ńṣe ló ń mú Nikasia bínú sí i. Ó dà bíi pé òkè náà fúnra rẹ̀ ń retí kí ó jẹ́jọ́. Àwọn ẹbí ti pé sí àgbàlá. Ọtí àgbàdo ti kan, ẹmọ́ ti jinná lórí iná, Bonifasio tí í ṣe baba irun sì ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àlùmọ́gàjí, ó gbé e sórí àwo.

Taita Melkor na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà tí Nikasia fi bò ó lórí. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí náà síwá, ó pa á sẹ́yìn, bí afọ́jú tó ń wá ohun tó sọnù.

"Ṣé ó ṣàìsàn ni?"

"Kò ṣàìsàn, Taita," ni Nikasia wí. "Ìyá ọkọ mi ló fá a. Òun ló dúró yìí."

Bàbá náà wo àlejò rẹ̀ láti orí dé bàtà gogoro. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì fi èdè òkè sọ̀rọ̀, nítorí ó dá a lójú pé ará Kusko yìí ò lè gbọ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe dúró bí igún. Obìnrin tí kò nílé, tí kò ní ìran, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, kí ló mọ̀ nípa irun?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá Hermelinda gbé ẹnu sókè. Èdè òkè ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó mọ́ gaara, ó sì ń fà á bí àwọn ará òdìkejì àfonífojì ti ń fà á.

"Mo nílé! Chillkapampa nilé mi. Òkè tó wà lẹ́yìn yín yẹn ni wọ́n ti bí mi, Taita, ẹ ti ẹnu ìlẹ̀kùn yín rí i!"

Edilberto la ẹnu sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ èdè yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí.

"Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí wọ́n fà mí fún ìyá kan ní Kusko pé kí n lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀," ló ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti ń ya. "Irun mi dé ìdí. Ọjọ́ tí mo dé gan-an ló fi ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn rẹ́ ẹ, ó ní iná orí ló kún ibẹ̀. Irọ́ ni! Kò sí iná kankan. Ó kàn fẹ́ kí n mọ ẹni tí mo jẹ́ nílé òun ni. Ta ló wá béèrè mi nínú ẹ̀yin ará òkè? Ta ló sọ̀ kalẹ̀ wá? Ogójì ọdún ó lé! Mo wá ní kò sí ọmọ aráyé kan tó máa fi ìyà gé irun ọmọ-ọmọ mi nígboro. Èmi tí mo fẹ́ràn ẹ̀ ni mo mú un lọ, mo sì ra súìtì fún un!"

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ń nu ojú. Àánú ṣe Nikasia náà, kí a má purọ́, ṣùgbọ́n bí àánú náà ti ń bọ̀ ni ìbínú ń tì í sẹ́yìn.

"Ẹ mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Ẹ mọ bó ṣe dùn tó, ẹ tún ṣe é fún ọmọ mi. Ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ jẹ́ kí n máa gbénú ilé yín bí odi. Tí mo bá ń sunkún lójú orun, tí mo ń pe ìyá mi, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ! Ẹni tí kò mọ̀, a ó ní kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀, Màmá. Ìyá onílé yẹn ò bí yín. Ẹ̀yin lẹ bí bàbá Kusi."

Màmá Hermelinda yíjú sí òkè Chillkapampa.

Bonifasio mú àlùmọ́gàjí kúrò lórí àwo, ó tú ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Taita Melkor wúkọ́ títí, wọ́n ní láti dì í mú.

"A kì í gé ohun tí kò sí," ló wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Ọmọ á dúró síbí kí irun ẹ̀ hù. Bí mo bá wà láyé, ẹ ó pè mí."

"Èmi náà ń dúró," ni Nikasia wí.

Edilberto sún mọ́ ọn. "Ìsọ̀ ńkọ́? Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ọmọlańgidi kún ibẹ̀. Gbé ọ̀kan síta."

Màmá Hermelinda ti yí padà láti lọ nígbà tí bàbá náà tún sọ̀rọ̀. "Nikasia, bu ọtí fún un."

"Taita!"

"Mo ní kó o bu ọtí fún un. Ọmọ Chillkapampa ni. Ẹni tó bá fi èdè wa sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ò gbọdọ̀ lọ pẹ̀lú òùngbẹ, ìbáà pa mí lọ́mọ. Ìwọ sì lọmọbìnrin ilé yìí."

Nikasia bu ọtí náà. Màmá Hermelinda gbà á, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀ kó tó mu. Kò sẹ́ni tó rán an létí. Ó mu ún tán, ó wo Kusi tó ń lé òròmọdìyẹ kiri pẹ̀lú orí dídán, ó sì fi èdè òkè béèrè, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń bẹ̀rù àgbà:

"Ṣé ó máa pẹ́ kó tó hù?"

"Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi, Màmá," ni Nikasia wí, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí tí wọ́n rẹ́ lórí yín lọ́jọ́sí, ṣé ó ti hù?"