Ìwé Àdéhùn Nítorí Ẹ̀yìn

Gékoríko ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ aránṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì nìyẹn: ó ń bá àwọn onílé gé koríko iwájú ilé wọn. Bó bá jẹ́ koríko nìkan ni wọ́n ń ní kó gé ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í lè sọ "rárá" fún àgbà, àwọn àgbà náà sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyá Tísà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá burú jù. Bí Gékoríko bá ti gé koríko tán báyìí, á ní: "Ọmọ mi, wá bá mi sún fíríìjì yìí díẹ̀." Fíríìjì ọ̀hún, àfi bí ẹni pé òkú erin ló wà nínú rẹ̀!

Nígbà tí ẹ̀yìn wá ń dun Gékoríko, dókítà wo ẹ̀yìn náà, ó ní bó bá tún fi gbé ẹrù wúwo, kó yáa lọ wá iṣẹ́ téèyàn ń jókòó ṣe. Jìnnìjìnnì bo Gékoríko. Iṣẹ́ wo ló tún mọ̀?

"Ẹ̀yìn yẹn ni ilé iṣẹ́ wa," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kọ ìwé àdéhùn. Kí gbogbo oníbàárà tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé koríko nìkan lò ń gé."

Gékoríko jókòó sídìí tábìlì ìránṣọ, ó kọ ọ́ títí ó fi làágùn. Ìyàwó rẹ̀ gbà á, ó kà á sókè: "Ẹ̀yin òbí wa, a kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ò ní máa gbé ẹrù mọ́, àyàfi tí ẹ bá fẹ́."

"Àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ kẹ̀? Ìgbà wo ni wọn ò fẹ́ rí? Ìwé àdéhùn nìyí àbí ìwé ẹ̀bẹ̀? Gbé bíró wá jàre!"

Ó kọ tiẹ̀: "Koríko la ń gé. A kì í gbé ẹrù. Ó tán." Ó ní òun fúnra òun lòun máa mú un lọ bá Ìyá Tísà, ojú ò ti òun ní tòun. Àárọ̀ ló jáde. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó dé, tòun ti òwú lórí.

"Ṣé wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bá wọn tún etí kọ́tìnnì rán ná."

"Kọ́tìnnì wo?"

"Ti gbogbo ilé."

Gékoríko fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé inú ilé yẹn ni wàhálà wà. Béèyàn bá ti wọlé, tí màmá ti gbé omi tútù lé e lọ́wọ́, tó ti pè é lọ́mọ òun, ó parí nìyẹn. Wọ́n bá fi kún ìwé àdéhùn náà: "A kì í wọ inú ilé oníbàárà." Ìyá Tísà wọ awò ojú, ó kà á, kíá ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti já Gékoríko láyà.

Nígbà tó tún padà lọ gé koríko, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ràgàjì kan ló bá láàárín koríko iwájú ilé Ìyá Tísà, tòun ti dígí lára. Ẹni tó ń gé koríko fún ilé kejì ló gbé e jáde. Òun ò níwèé àdéhùn.

"Ọmọ mi, mi ò ní kó o wọlé o," ni Ìyá Tísà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Bá mi gbé e lọ sẹ́yìn ilé ni."

Gékoríko ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù, kí ìrora ẹ̀yìn tó ta á jí. Ó rọra nàró. Ó tan máṣíìnì tó fi ń gé koríko, ó gé e yí kọ́bọ́ọ̀dù ká, ó pa máṣíìnì.

"Koríko abẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́?" ni Ìyá Tísà bi í.

Gékoríko tẹríba dé ibi tí ẹ̀yìn gbà á láyè dé. "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé e jáde wá gbé e kúrò, mà. Èmi ò ní gbé e."

Ẹnu ya òun alára. Ìyá Tísà wò ó, ó wò ó.

"Ìyàwó ẹ ló kọ́ ẹ ní irú ọ̀rọ̀ yìí, àbí?"

"Rárá, mà. Ẹ̀yìn mi ni."