Egbò Tí Kò Rùn

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí láàbù kọ̀wé padà pé kòkòrò kankan kò hù nínú ọyún tí mo fi ránṣẹ́. Kò hù kẹ̀? Egbò tó ti ń jẹ ẹsẹ̀ Bàbá Télọ̀ láti oṣù mẹ́ta! Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára. Ọkùnrin tó gbé e ní, "Nọ́ọ̀sì, ohun tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ la máa yẹ̀ wò." Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Dókítà ti ní bí òun kò bá mọ oògùn tó ká kòkòrò náà kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó lù, òun máa gé ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ tí baba fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ni.

Mo dé ilé wọn, mo tú báńdéèjì. Ọmọ wọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú kí n fi òwú orí igi gba ọyún, òórùn kan gún mi nímú. Kì í ṣe òórùn ọyún.

"Ta ló da sípíríìtì sójú egbò yìí?"

Baba wo ọmọ wọn. Ọmọ wolẹ̀.

"Èmi ni. Gbogbo àárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ni mo máa ń fi fọ̀ ọ́."

Mo fò dìde. "O fẹ́ gé ẹsẹ̀ bàbá ẹ ni? O ti pa gbogbo kòkòrò tó wà lókè kí n tó dé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ń jẹun lọ! Kí ló dé?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ dimú, ẹ tún pòṣé. Bàbá mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Mo rántí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo baba.

"Má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la," mo ní. "Jẹ́ kó rùn."

Lọ́jọ́ kejì, ó rùn lóòótọ́. Ọmọ náà dúró síbi tó máa ń dúró sí, imú mi ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò yẹrí. Mo fi omi iyọ̀ ṣan ọyún òkè kúrò, mo yí òwú orí igi nínú ẹran pupa tó wà nísàlẹ̀. Baba di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọn ò pariwo. Mo ti òwú náà bọnú ìgò, mo kọ orúkọ, wákàtí, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Aago méjìlá ni ọkọ̀ láàbù ń lọ; mo sáré bí ẹni tí ajá ń lé, mo bá a ní géètì ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti gbé baba dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ọmọ wọn di ọwọ́ wọn mú. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Dókítà ti ń fọwọ́. Fóònù mi dún.

"Ó hù," ọkùnrin láàbù ní. "Oògùn méjì ló ká a."

Mo pariwo orúkọ oògùn náà. Dókítà nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé wọn padà sí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ kíákíá."

Ọmọ wọn bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí jì mí.

"Dìde jàre," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Abíyá aṣọ iṣẹ́ rẹ ti ya láti ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wá. Inú ló ń bí mi tí mi ò fi sọ. Mú un wá, kí n bá ẹ rán an."