Orun Tí Kò Lámì

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè fúnra mi sọ ọ́ kí Màmá Sylvester tó bá mi sọ ọ́ káàkiri Sùúrùlérè.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ọdún náà ní Mushin. Ẹ bi àwọn tí mo kọ́, wọ́n á ní Tíṣà Àmì lorúkọ mi. Ọmọ tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, máàkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò lámì, ìhòòhò ló wà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó jáde síta bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìtìjú mi ti wá.

Lọ́dún tó kọjá, níbi ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ-ọmọ Màmá Sylvester ka sáàmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo ìwé. Ọmọ ọdún márùn-ún! Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn sí ọmọ náà, mi ò ní purọ́. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe yíjú sí mi.

Ó ní, "Màmá Tíṣà, àwọn ọmọ tiyín lókè òkun ńkọ́? Àbí Òyìnbó nìkan ni wọ́n fi ń gbàdúrà lọ́hùn-ún?"

Ara mi gbóná. Kí n tó mọ̀, mo ti fèsì. "Ẹ dúró dè wá, Màmá Sylvester. Lọ́dún tó ń bọ̀, Motọ́lání mi máa dúró síbẹ̀ yẹn, á gba àdúrà ìdílé wa ní ojúlówó Yorùbá."

Motọ́lání ni ọmọ kan ṣoṣo tí Kọ́ládé ọmọ mi bí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí Kọ́ládé àti Hilda ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sí Kánádà, nígbà tí gbogbo ayé ń jápa. Ará Auchi ni Hilda. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí téèyàn lè fi ná ọjà ní Tejúoṣó lọ. Nítorí náà, Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ìyẹn ni pé mo ti ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi.

Ká sọ tòótọ́, ti Màmá Sylvester kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ti ọkọ mi ni.

Akínọlá ọkọ mi, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí a sin àwọn ọmọ lọ sí pápákọ̀ òfurufú ló gba ìwọ̀nba tó kù lẹ́nu rẹ̀. Èrò pọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì gbé Motọ́lání sọ́rùn kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà di etí rẹ̀ méjèèjì mú gírígírí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo àtàrí gbogbo èèyàn láti òkè. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà tí ẹni tí kò rìnrìn àjò kò lè kọjá, ọkọ mi ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ariwo tí ọmọ náà pa kò kúrò létí mi di òní. "Bàbá, ẹ má sọ̀ mí kalẹ̀! Ẹ má sọ̀ mí kalẹ̀!" Ó ń ké e títí wọ́n fi wọlé.

Láti ìgbà náà, bí a bá pè wọ́n lórí fóònù tí a ń wo ojú ara wa, ọkọ mi á juwọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dá fóònù padà fún mi. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Kọ́ládé, kí ló dé tí ẹ kì í bá ọmọ yín sọ̀rọ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ bá a sọ? Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rántí nǹkan. Ó ti gbàgbé mi, Ọmọ́níkẹ́." Ó dìde, ó lọ jókòó sí ẹnu géètì, ó ń wo àwọn tó ń kọjá.

Ó dùn mí wọ egungun. Ọjọ́ yẹn ni mo bá Ọlọ́run sọ ọ́ pé kí ọmọ yìí ṣáà wá, kó fi èdè wa sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ àgbà á gbọ́, kí ọkùnrin yìí lè mọ̀ pé ọmọ òun kò sọnù sí ilẹ̀ àjèjì. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Ti Màmá Sylvester kàn jẹ́ èènì ni.

Bàbá mi, tó jẹ́ kátíkíìsì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ló ṣe àdúrà ìdílé wa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kúrò nílé lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan. Òun la máa ń gbà láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó jáde nílé. Báyìí ló lọ: "Bàbá wa ọ̀run, ìwọ tí ò ń gbé wa, má sọ̀ wá kalẹ̀. Ibi tí ojú wa kò tó, bá wa wò ó. Ilẹ̀ tí a kò mọ̀, bá wa tẹ̀ ẹ́. Títí a ó fi délé, má fi wá sílẹ̀. Àmín."

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Hilda. Àmì ńkọ́? Fóònù mi ò ní àmì. Ó ní o, èmi ni mi ò mọ ibi tó wà, ojú sì ń tì mí láti bi àwọn ọmọ kéékèèké. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Tíṣà Àmì ṣe rán àdúrà bàbá mi ní ìhòòhò goloto lọ sí Kánádà, sínú yìnyín.

Iṣẹ́ òru ni Kọ́ládé ń ṣe, oorun ló máa ń sùn láàárọ̀. Hilda ló ń kọ́ ọmọ náà. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Mummy, ó ti mọ̀ ọ́n o. Àràárọ̀ la máa ń gbà á ká tó ṣílẹ̀kùn. Tí otútù bá pọ̀ tí kò fẹ́ lọ sílé-ìwé, tó bá ti gba àdúrà yẹn báyìí, ó máa ń lọ." Mo ní kí Motọ́lání gbà á kí n gbọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni. Mo fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkórè ni wọ́n dé. Ọkọ mi ò bá wa lọ pàdé wọn, ó ní orúnkún ń dun òun. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbà tí a wọlé, Motọ́lání fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ti ga, eyín méjì ti ká níwájú ẹnu rẹ̀. Ọkọ mi dìde, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ bọ máníjà báńkì lọ́wọ́, ó ní, "Good afternoon." Ọmọ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó kàn ń wo orí rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Ṣó o rí i?" lọkọ mi wí fún mi ní kíṣìnì. "Kò mọ̀ mí."

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ Àìkú.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ gbé ọsàn, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá síwájú. Ọmọ-ọmọ Màmá Sylvester tún ka sáàmù mìíràn, èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá àgbà rẹ̀ sì tún ìró rẹ̀ ró nígbà mẹ́ta kí gbogbo wa lè rí i pé òun wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Motọ́lání Akínọlá láti Kánádà. Ọkọ mi wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni ò lè rí òun.

Kátíkíìsì ìjọ wa fún ọmọ náà ní máíìkì. Ó kọ̀ ọ́, ó ní kí ó bá òun dì í mú, òun nílò ọwọ́ òun méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ síwájú, ó di ìkúùkù méjèèjì bí ẹni tó di nǹkan mú. Ó pa ojú dé. Ó sì pariwo sókè ketekete pé:

"Bàbá wa ọrùn!"

Kì í ṣe ọ̀run. Ọrùn. Ọrùn tí wọ́n máa ń fi ẹ̀gbà sí.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbọ́ tí Màmá Sylvester ní, "Ọrùn kẹ̀?" Ilẹ̀ ò lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀. Motọ́lání lajú, ọwọ́ rẹ̀ rọ wálẹ̀, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fẹ́ dìde lọ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ló ń bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, òun tí kì í fẹ́ kí ojú wo òun, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tí kò ní orúnkún tó ń dùn ún rí láyé. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dé iwájú, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba níwájú ọmọ náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ṣe é. Ó ti mọ ohun tí ìkúùkù méjì yẹn ń wá.

Motọ́lání gun ọrùn rẹ̀. Ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú gírígírí. Ọkọ mi fi ọwọ́ kan ti pẹpẹ, ó rọra dìde, gbogbo ìjọ sì ń mí pọ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá wa ọrùn," lọmọ náà tún wí láti òkè, ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀, "ìwọ tí ò ń gbé wa, má sọ̀ wá kalẹ̀! Ibi tí ojú wa kò tó, bá wa wò ó! Ilẹ̀ tí a kò mọ̀, bá wa tẹ̀ ẹ́! Títí a ó fi délé, má fi wá sílẹ̀!"

Àmín tí ìjọ ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ojú Ẹlẹ́gbà. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, gèlè mi ti ṣubú, mi ò sì mọ̀.

Ọkọ mi gbójú sókè. "Ṣó o ń ríran dáadáa níbẹ̀ yẹn?"

"Mo rí gbogbo èèyàn, Bàbá," lọmọ náà dá a lóhùn. Yorùbá ni o. Ó sọ ọ́ bíi pé àná ni wọ́n jọ wà ní pápákọ̀ òfurufú.

Màmá Sylvester wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ọ̀run ni o, ọrùn ni o, èmi ti ṣe Àmín tèmi." A dì mọ́ra. Mo dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í, àyàfi ti ìró tó ń tún ró yẹn.

Níta ni Hilda ti ṣàlàyé. "Mummy, orun lẹ kọ now. Motọ́lání bi mí pé kí ni orun, mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Ọ̀kan yẹn ni mo mọ̀, àwọn èèyàn máa ń ní ọrùn ń dun àwọn. Ló bá fò sókè, ó ní, 'Bàbá!' Ó ní òun rántí. Látìgbà yẹn ló ti ń na ọwọ́ báyẹn tó bá ń gbàdúrà. Mo rò pé bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Mo yọ fóònù mi, mo wo ohun tí mo kọ. Lóòótọ́, orun ló wà níbẹ̀, kò lórí, kò nídìí. Ká ní ọmọ tí mo ń kọ́ ló kọ ọ́, òdo ni ǹ bá fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi jókòó ní pálọ̀, mo ń fi róòbù ra ọrùn rẹ̀. Ó ń kérora, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń sọ̀rọ̀, òun àti Motọ́lání, ẹnu wọn ò dákẹ́, ó ń lú Òyìnbó pọ̀ mọ́ Yorùbá bó ṣe wù ú. Kọ́ládé jókòó tì mí, ó fi ibi tí àmì wà lórí fóònù hàn mí. Ó ní kí n tún àdúrà náà tẹ̀ dáadáa, òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọn ní Kánádà.

Mo nu ọwọ́ mi, mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi àmì sí Bàbá. Mo fi àmì sí ìwọ, mo fi sí sọ̀, mo fi sí kalẹ̀. Mo fi sí gbogbo rẹ̀ pátá, ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ti fò kọjá lókè: orun. Ìka mi dúró lórí rẹ̀.

Ọkọ mi na ọrùn wò ó láti ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ọmọ́níkẹ́," ó ní, "fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo fi í sílẹ̀.