Ìdánwò Omi Tó Kù fún Darla

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí Darla Kretschmer gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ni kọ́ńpútà Ìyáàfin Ostrander wá ní rárá. Ìyáàfin yìí ni olùdámọ̀ràn rẹ̀. Òun ló ń wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe àti èyí tó kù.

"Ẹ̀kọ́ gbòógì rẹ, ìtàn, ó pé. Ẹ̀kọ́ àfikún rẹ, ìmọ̀ òkúta, ó pé. Àmọ́ omi ńkọ́? Ọdún mẹ́rin lo fi sá fún un!"

Irọ́ kọ́. Ẹni tí kò bá lúwẹ̀ẹ́ kọjá adágún ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin kò ní gbàwé-ẹ̀rí níbẹ̀. Oko àlìkámà ní Kansas ni wọ́n ti tọ́ Darla. Odò ibẹ̀ kì í kọjá orúnkún màlúù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú omi ni ìtàn ń gbé ni? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń retí mi lóṣù kẹfà. Bí n ò bá mú ìwé-ẹ̀rí dání, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fẹ́lòmíì!"

"Àwọn tó ṣòfin ti kú, ọmọ mi. O lè bá wọn jà lọ́run, tàbí kí o lọ bá Gus lọ́la."

Gus, arúgbó tó ń kọ́ni lúwẹ̀ẹ́, kò mọ àrọwà. "Kó sínú ẹ̀. Omi kì í bunijẹ."

"Ó ń gbé èèyàn mì, bàbá!"

"Ẹni tó bá ń bá a jà ni. Fẹ̀yìn lé e bí ẹni tó sùn sórí ìwé."

Lọ́jọ́ kìíní, omi tí Darla mu tó ti ẹṣin. Lọ́sẹ̀ kejì, ó léfòó. Àmọ́ àárẹ̀ ń mú un kó tó dé àárín, ìdánwò sì kù sí ọ̀la. Ó bá ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń ṣe: ó lọ ka ojúlówó òfin náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ̀yìn lé omi, ó ń ta ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ díje, tí wọ́n fẹ́ lo adágún náà, dúró dè é, wọ́n ń pariwo.

"Ìgbín, ǹjẹ́ a máa jẹun ọ̀sán báyìí?"

"Ẹ lọ jẹun! Òfin ní kí n dé òdìkejì. Ta ló dárúkọ ìṣẹ́jú? Ta ló ní kí n dojú bolẹ̀?"

Gus yẹ ìwé òfin wò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni Darla fi lúwẹ̀ẹ́ kọjá adágún náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó ṣe jáde nínú omi, ó fi ọwọ́ tútù na bírò sí Gus, ó ní kí bàbá tètè fọwọ́ sí ìwé ìdánwò òun kóun tó gbẹ.