Ife Omi Kan fún Láńlọ́ọ̀dù

Irun orí ni Rasheed, ọmọ láńlọ́ọ̀dù, dì mú tó fi wọ́ Sẹ̀kínát kúrò nídìí ẹ̀rọ omi. Ó fẹsẹ̀ gbá kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, omi dà nù.

"Ṣé mi ò sọ pé omi àwọn sítúdẹ́ǹtì nìyí? Opó yìí, ṣé etí ẹ di ni?"

Ó fọ́ ọ létí. Kó tó gbé ojú sókè, ó tún fọ́ ọ ní èkejì. Ẹ̀jẹ̀ bọ́ nímú rẹ̀.

Èmi ìyá ọkọ rẹ̀, tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, n kò mọ bí mo ṣe sáré débẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti ki ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi bọ ọmọkùnrin yẹn lápá. Ó ké bí àgbò Iléyá. Ó jù mí sílẹ̀, ìró mi tú, ó ku èmi ku tòbí. Àwọn sítúdẹ́ǹtì tó wà lókè ti yọ fóònù. Wọ́n ní fídíò náà ti dé Ẹnuwá, iwájú ààfin, kí n tó wé ìró mi tán. Bí olóògbé ọkọ mi bá rí i, yóò sọ pé itan tí òun fi sílẹ̀ kò hunjọ tó báyìí.

Nítorí Fàòsíyà ni o. Ọmọ ọmọ mi ni. Tírélà ti pa bàbá rẹ̀ lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n. Yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé ni èmi, Sẹ̀kínát ìyá rẹ̀, àti àwọn ọmọ há mọ́ra sí. Láti ìgbà òjò ni inú ti ń run Fàòsíyà. A ní aràn ni, a pọnmi sí àgbo. A ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a tún pọn òmíràn sí i. Ọjọ́ tó bì tí èébì pọ́n bí epo ni a gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù.

Dókítà Ìbùkúnọlá, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ní, "Màmá, kì í ṣe aràn. Kòkòrò tójú ò lè rí ló wà nínú ikùn rẹ̀, òun ló dá egbò síbẹ̀. Omi wo lẹ̀ ń mu?"

"Omi kànga ni."

"Ṣáláńgá ńkọ́? Ṣé ó jìnnà sí kànga?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Dókítà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí ara wọn."

Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ a máa bá omi ẹlẹ́gbin wọlé, a sì máa ràn láàrin àwọn tó há sí yàrá kan. Ó fún wa ní oògùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí oògùn bá lé jáde, omi yẹn lè dá a padà.

A se omi kànga títí èédú fi tán lọ́wọ́ wa. Ògúndèjì, láńlọ́ọ̀dù wa, ló kọ́ ilé sítúdẹ́ǹtì síwájú, tó gbẹ́ sọ́kàwéè, kòtò ìgbẹ́ wọn, sí apá òkè kànga wa. Ó gbẹ́ bọ́hóòlù fún wọn. Ó ní àwa ará ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sẹ̀kínát gbé kẹ́ẹ̀gì lọ láàárọ̀ yẹn.

Igbe Rasheed ló mú Ògúndèjì jáde, tòun ti pákò lẹ́nu.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà wá ń bu ọmọ mi jẹ bí ajá?"

"Ká ní eyín mi pé ni, apá yẹn ì bá ti já. Bàbá Rasheed, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí omi tó dáa fi lo oògùn."

"Kí ló ṣe kànga? Omi tó mọ́ gaara! Ìyá tó bí mi mu ún dọjọ́ ikú."

"Ìyá yín ò bá ìgbẹ́ sítúdẹ́ǹtì pàdé níbẹ̀."

Ẹ̀rín sọ lókè. Mo bu ife omi kan nínú garawa tó wà lẹ́nu kànga, mo nà án sí i. "Ó mọ́ gaara. Ẹ mu ún."

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

"Ẹ kàn tọ́ ọ wò. Gbogbo ilé ń wò yín."

Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bá di ọrùn bùbá rẹ̀ mú, mo fi ife náà lu ètè rẹ̀. Ó pa ẹnu dé pinpin, omi ń ṣàn gba inú irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bà mí lẹ́nu. Eyín kan bá a lọ. Mo ṣubú. Rasheed fẹsẹ̀ gún mi níhà, mo gbọ́ tí nǹkan dún pọ́ nínú mi. Sẹ̀kínát dà bò mí, wọ́n sì pa àwa méjèèjì pọ̀ lù. Ògúndèjì fi wá sílẹ̀, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi omi yọ ẹnu, ó ń tutọ́, ó tún ń yọ ẹnu.

Nígbà tí ọlọ́pàá tí Ògúndèjì pè dé, èmi ni wọ́n gbé. Kí mọ́tò wọn tó gbéra, Rasheed ti ń yọ ilẹ̀kùn yàrá wa kúrò kí a lè kó jáde.

Ní tẹ́ṣàn, Ògúndèjì ní mo fẹ́ pa òun.

"Kí ló fẹ́ fi pa yín, sà?" ni ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé bi í.

"Májèlé! Ó fẹ́ rọ ọ́ sí mi lọ́fun." Ó gbé ìgò omi kan kalẹ̀. "Òun nìyí. Mo bù ú wá ni."

"Ẹ bù ú níbo?"

"Nínú kànga ẹ̀yìn ilé."

"Kànga ta ni, sà?"

Ògúndèjì fà á sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ọlọ́pàá náà kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbé májèlé fún láńlọ́ọ̀dù mi. Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ìhà mi kò jẹ́. Ó di ìgò náà sínú ọ̀rá, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé kankan fọwọ́ kàn án o."

Sẹ̀kínát wá wò mí nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ wú bí àkàrà.

"Fàòsíyà ńkọ́?"

"Ó ti sùn, Màmá. Ó ti lo oògùn rẹ̀."

"Omi wo lo fún un tó fi lò ó?"

Sẹ̀kínát gbé ojú sókè. Ìgò omi kànga orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ń wò.