Ọwọ́ Ọ̀tún Konrad

Ìgò àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò, ṣùgbọ́n Konrad ò dáwọ́ dúró. Ó rò pé àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ ló ń ṣeré.

Ará Jámánì ni. Orin píánò ló máa ń kọ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń tẹ̀ ẹ́ fáwọn èèyàn gbọ́. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè wá tún píánò tó bá bàjẹ́ ṣe nílùú wọn. Látìgbà tí Konrad ti gba yàrá òkè nílé Alhaji Jíbrílù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí ariwo tí kì í fẹ́ sọ di orin: jẹnẹrétọ̀, ìpè àdúrà, ọmọlanke tó já sí kòtò. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa tẹ orin tuntun rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Marina. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ ìparí rẹ̀ léraléra lẹ́yìn Àlàásárì Ọjọ́bọ̀, tí Hussainat, ọmọ ọmọ Alhaji, ń ṣí ìwé orin fún un.

Hussainat ló fẹnu kọ́ ọ ní ìparí yẹn. Ìlù ńlá kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn tí wọn kì í lù àfi tí wọ́n bá ń sin olórí ẹbí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó wà lọ́mọdé: ìró mẹ́ta tó wúwo, ìdákẹ́jẹ́ tó gùn bí ojú ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, lẹ́yìn náà ìró kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni kéèyàn fọwọ́ kan ìlù náà. Ṣùgbọ́n píánò kì í ṣe ìlù. Bó ṣe rò ó nìyẹn. Kò rò ó pé Bàbá, Alhaji tó jẹ́ olórí ẹbí, ti wà lórí ẹní àìsàn láti ìgbà ààwẹ̀, àti pé gbogbo agboolé ló ti na etí sílẹ̀.

Ìgò kejì ba Konrad léjìká.

"Wọ́n ti sin Bàbá!" ẹnì kan kígbe nísàlẹ̀. "Wọ́n ti sin ín láì pè wá!"

Hussainat sáré lọ sójú fèrèsé. Mùs'áb, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ṣíwájú pẹ̀lú àdá, àwọn ọmọ ilé ìyàwó kejì Alhaji ń rọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ẹbí yìí, ìdílé tí kò bá sí níbi tí wọ́n ti sin olórí kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Haleem, àbúrò Hussainat, dábùú ẹnu ọ̀nà. Àdá bà á lórí. Ó ṣubú sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà wọn.

Wọ́n fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn.

"Níbo lẹ sin ín sí?"

"Bọ̀dá Mùs'áb, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ò kú! Wọ́n ń sùn nísàlẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa! Ẹ gbé òyìnbó jókòó, ó ń kéde ikú bàbá wa, ẹ wá ń fi ṣe fàájì!"

"Orin ni," Konrad wí, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Orin lásán."

"Ọwọ́ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

Konrad yára fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ó ń fi pamọ́ bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò!"

Wọ́n fa ọwọ́ náà yọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí eyín píánò. Mùs'áb di ìdérí rẹ̀ mú. Hussainat fò mọ́ ọn, ó gé e jẹ lápá títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Mùs'áb jù ú nù. Ẹnu Hussainat gbá mọ́ ògiri, eyín rẹ̀ kan sì kán. Sátidé nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀: tí ọwọ́ yẹn bá lọ, Sátidé ti lọ nìyẹn, bóyá gbogbo Sátidé tó kù.

Ìdérí já lé ọwọ́ náà. Gbogbo eyín píánò ké lẹ́ẹ̀kan náà, Konrad ké jù wọ́n lọ. Mùs'áb tún gbé e sókè, ó tún jàn án mọ́lẹ̀. Egungun dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìdáná.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn. Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Alhaji Jíbrílù yọ sẹ́nu ọ̀nà, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Haleem wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mùs'áb. O ti gbẹ́ sàréè mi tán?"

Mùs'áb dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, a gbọ́ ìlù..."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Mo fọwọ́ kan àyà mi wò, bóyá lóòótọ́ ni." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ òyìnbó?"

"Èmi ni, Bàbá," Hussainat wí, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá wo ọwọ́ tó ti rún náà pẹ́. Ó wá jókòó sórí àga píánò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Òyìnbó, má tẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbà tí mo bá ṣì wà láyé. Tí mo bá ti lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ò ń kánjú níbi ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Wọ́n máa ń dúró títí ẹkún á fi sọ."

Àtẹ̀gùn yẹn ló gba ìwọ̀nba agbára tó kù lára rẹ̀. Ní ìdájí Jímọ̀, ó kú. Ìdílé méjèèjì pé síbi sàréè, Haleem pẹ̀lú báńdéèjì lórí, Mùs'áb pẹ̀lú àpá eyín Hussainat lápá. Wọn ò wo ara wọn. Wọ́n gbé ìlù jáde, Konrad sì gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe gùn tó.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sí Marina. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi tẹ gbogbo orin náà, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ṣófo. Nígbà tó dé ìparí, ó tẹ ìró mẹ́ta, ó dúró.

Ọkùnrin kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó dákẹ́. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Konrad ò mira. Nígbà tó yá, Hussainat bo ẹnu rẹ̀ tó wú, ẹkún sì bú jáde.

Konrad tẹ ìró tó kẹ́yìn.