Ẹni Kọkànlá Lórí Ìlà

Iṣẹ́ Gathoni kò béèrè ẹnu, ojú ló ń fẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó bá a lára mu. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Kurutu, eré àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá tí wọn ò tíì jáde, òun ló ń ṣọ́ kí àwòrán àárọ̀ àti ti ọ̀sán bára wọn mu. Bí kurutu kan bá fi ọwọ́ òsì mu ife tíì, Gathoni á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí bọ́tìnnì ẹnì kan bá ṣí, bí ẹrẹ̀ bá ta sí bàtà ẹlòmíràn, ó ti wà nínú ìwé. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń pariwo, òun á jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wo ohun tí kámẹ́rà rí, á gbé ìwé lé orúnkún, á máa wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ ya ibi tí àwọn kurutu ti máa tò fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó di ọlọ́pàá gidi. Pápá kan ni wọ́n lò, lẹ́yìn ilé ìkó-kọfí tó ti di ahoro nísàlẹ̀ òkè Kirinyaga. Láyé àwọn òyìnbó, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn èèyàn wa wà nínú igbó pẹ̀lú ìbọn láti bá wọn jà, pápá yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wa mìíràn níṣẹ́ ọlọ́pàá láti máa lé àwọn tó wà nígbó. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ilẹ̀ pupa ni, ìkùukùu sì máa ń bà lé e títí di ọ̀sán.

Ọ̀dọ́ mẹ́wàá ni wọ́n háyà láti dúró lórí ìlà. Wangeci, àbúrò Gathoni, wà nínú wọn. Gathoni ló bá a wá iṣẹ́ náà, nítorí náà orí Gathoni ni gbogbo rẹ̀ wà. Wangeci ló kúrú jù, òun ni wọ́n sì fi sí ìparí ìlà.

Ìyá àgbà wọn ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìyá àgbà kì í ka èèyàn. Bí o bá bi í pé ọmọ-ọmọ mélòó ló ní, á máa pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wàá fi tọrọ àforíjì. Kódà ewúrẹ́ rẹ̀, ojú ló fi mọ̀ wọ́n.

"Wọ́n ní ẹ máa kígbe nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìlà?" Ìyá àgbà bi wọ́n. "Lórí pápá yẹn?"

Wangeci rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, eré ni o!"

"Ẹni tó ń kà mọ̀ pé eré ni. Ẹni tó ń gbọ́ ńkọ́?"

Wangeci tún rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà. Gathoni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà lọ.

Bàbá Mbogori ló ń ṣe sájẹ́ńtì nínú eré náà. Sájẹ́ńtì ni lóòótọ́ tẹ́lẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì. Ikùn rẹ̀ ti yọ jáde lórí bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì lè mú kí ẹyẹ fò kúrò lórí igi.

"Ó yá!" ni Kariithi, olùdarí eré, kígbe láti ìdí kámẹ́rà.

"Ìlà! Ẹ kà!" ni Bàbá Mbogori bú ramúramù.

"Ọ̀kan!" "Èjì!" "Ẹ̀ta!" Ohùn ń sáré lọ lórí ìlà bí iná nínú koríko gbígbẹ, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Wangeci. "Ẹ̀wá!"

"Ó tó!" ni Kariithi wí. "Ó dára. Ẹ sinmi, a tún máa yà á."

Àwọn ọ̀dọ́ fọ́n ká. Bàbá Mbogori pòṣé.

"Ọ̀gá wa, ẹ ò jẹ́ kí n tú wọn ká."

"Bàbá, èèyàn mélòó ló máa jókòó nílé kó máa wo bí ẹ ṣe ń tú wọn ká? Mo ti rí ohun tí mo fẹ́."

"Ìlà tí wọn ò bá tú, ìlà yẹn ò parí. Mo sìn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. A lè dúró nínú òjò láti àárọ̀ di alẹ́, kò sẹ́ni tó máa yẹsẹ̀ títí ẹnì kan á fi sọ pé ẹ túká."

"Ẹ máa lọ mu tíì, Bàbá. Tíì ò ní ìlà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gathoni kò gbọ́ ẹ̀rín náà dáadáa, nítorí ohun tó ń wò. Wọ́n ti dá àwòrán náà dúró lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré, ó sì ń fi ṣóńṣó bírò tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe. Bàtà, bẹ́líìtì, fìlà. Nígbà tó dé ìparí ìlà, ẹnì kan ṣì kù. Ó dúró sápá òsì Wangeci, díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣòkòtò kóńdó aláwọ̀ yẹ̀pẹ̀ ló wọ̀, orúnkún rẹ̀ wà níta. Kò wọ bàtà. Ìkùukùu bo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Gathoni wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ológbò lọ. "Ẹnì kan wọ ṣòkòtò kóńdó."

Kariithi bẹ̀rẹ̀, ó wo tẹlifíṣọ̀n. "Níbo?"

"Níparí. Ẹni kọkànlá."

"Mẹ́wàá ni mo háyà, mẹ́wàá ni mo rí. Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó o bá sọ̀rọ̀ kí o sì máa sọ ìsọkúsọ? Lọ jẹ màǹdàsí kan, ebi ló ń pa ọ́."

Wọ́n tún un yà. Gathoni kò wo pápá lọ́tẹ̀ yìí, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló tẹjú mọ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé ìparí, ohùn tó dáhùn kì í ṣe ohùn Wangeci. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí òtútù ti mú. "Ẹ̀wá!"

Wọ́n pé mẹ́wàá géérégé nínú àwòrán. Aláìwọ bàtà náà ló dúró níparí. Wangeci kò sí níbẹ̀.

Gathoni gbójú sókè. Wangeci wà lórí pápá, ẹnu rẹ̀ ṣì yà, bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó tó!" ni Kariithi wí. "Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Kámẹ́rà máa sún mọ́ wọn."

Wọ́n pín tíì. Obìnrin tó ń pín in rìn láti orí àga kan dé èkejì, ó fún ẹni kẹsàn-án ní ife, ó sì yí padà.

"Màmá, èmi ńkọ́?" ni Wangeci wí.

Obìnrin náà ń bá tirẹ̀ lọ.

"Màmá! Àbí torí mo kúrú ni?" Wangeci rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í gbé fìlà rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó gbé nǹkan sórí àga.

Gathoni gbé tíì tirẹ̀ fún un. Nígbà tí ọwọ́ wọn kanra, ọwọ́ Wangeci tutù bí òkúta odò.

"Àǹtí," ni Wangeci wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó dà bíi pé inú omi ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo kígbe ẹ̀wá, mi ò gbọ́ ara mi. Kí ló ń ṣe mí?"

Bàbá Mbogori ń kọjá lọ, ó dúró. "Gathoni, ṣé àdúrà lò ń gbà ni? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àbúrò mi ni, Bàbá."

Bàbá náà wo àga, ó wo Gathoni, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àwàdà kò yé. "Ó dáa. Bá mi kí i."

Ìyẹn kọ́ ló já Gathoni láyà jù. Ohun tó já a láyà jù ni pé ó yíjú padà láti pe àbúrò rẹ̀, orúkọ náà kò sì wá sẹ́nu rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní láti wá a. Àbúrò tó gbé pọ̀n, tó bá di irun, ó ń wá orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá òkùnkùn, kó tó rí i. Wangeci. Ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì sáré lọ síwájú ilé kọfí pẹ̀lú fóònù.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Gathoni ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ara mi," ni Ìyá àgbà wí níkẹyìn. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, nítorí orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́. "Sọ bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí fún mi."

"Orúnkún ọ̀tún wọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ṣubú láti orí igi nígbà tó wà lọ́mọdé."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Orí igi píà ni. Èmi ló lọ já a fún. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Gathoni kò mọ̀ rí pé Ìyá àgbà ní ẹ̀gbọ́n.

"Ó lọ kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, nígbà tí àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa wà nínú igbó. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jáde, wọ́n kà wọ́n láàárọ̀, wọ́n pé. Wọ́n kà wọ́n nírọ̀lẹ́, ó dín ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó wọlẹ̀ sí fún wa, bóyá àwọn òyìnbó ló pa á, bóyá àwọn inú igbó ni. Bàbá wa sì sọ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀ láéláé. Mo bí ọkùnrin mẹ́ta, mi ò sọ ọ̀kankan lórúkọ rẹ̀. Àádọ́rin ọdún, mi ò tíì pe orúkọ náà."

"Ìyá àgbà, ó ti gba ipò Wangeci. Wọn ò rí i mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa tún kà wọ́n. Bí wọ́n bá kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i…"

"Nọ́ńbà ló fi gba ipò rẹ̀. Nọ́ńbà kò ní ojú, ẹnikẹ́ni lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ní ojú. Pè wọ́n bí mo ṣe ń pe ewúrẹ́ mi. Bí o bá sì pè wọ́n tán, má fi òun sílẹ̀ láìpè." Nígbà náà ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tú ohun tó ti gbó nínú aṣọ: "Theuri ni. Theuri, ọmọ Ngunjiri."

Nígbà tí Gathoni padà dé pápá, wọ́n ti tò. Kámẹ́rà ti sún mọ́ wọn. Ìkùukùu ti sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká àwọn kurutu. Ó wo ìparí ìlà. Ó ní láti wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó rí ẹni tó ń wá, ó sì rí i fírífírí, bí aṣọ tí wọ́n sá sínú èéfín.

"Ó yá!"

Bàbá Mbogori fa èémí. "Ìlà! Ẹ…"

Gathoni rìn wọ iwájú kámẹ́rà.

Ẹnikẹ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà ajá ilé kọfí mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kariithi bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀. "Gathoni! Ṣé orí rẹ ti dàrú ni?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí," ó wí, ó sì kẹ̀yìn sí i. Ó pe orúkọ àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin náà wo Kariithi, ó wo Bàbá Mbogori, kò mọ ohun tó máa ṣe. Ṣùgbọ́n Bàbá Mbogori, tí ara rẹ̀ ti mọ́ orúkọ pípè láti ìgbà èwe, jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o ò gbọ́ orúkọ rẹ ni?"

"Mo wà níbí, Afande!" ni ọmọkùnrin náà dáhùn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ó pe ìkejì, ó pe ìkẹta. Ohùn rẹ̀ ń ga sí i bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ìlà kẹwàá nínú ìwé, tàdáwà náà ti ṣá, kò ṣeé kà. Ó la ọwọ́ rẹ̀.

"Wangeci!"

Kò sí ìdáhùn.

"Wangeci, ọmọ ìyá mi! Ìwọ tí o jẹ ṣúgà mi tán tó o ní èèrà ni! Dáhùn!"

"Mo wà níbí!" ni ohùn kan ké, tó gbẹ, tó há, bí ẹni tó yọrí jáde nínú omi. "Mo wà níbí, Afande! Àǹtí, èèrà náà ni o!"

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fò sẹ́yìn. "Ìgbà wo lo dé?"

Gathoni kò rẹ́rìn-ín. Kò tíì tán. Ó pa ìwé dé, nítorí èyí tó kù kò sí nínú rẹ̀.

"Theuri, ọmọ Ngunjiri."

Ẹ̀rín náà kú. Ẹyẹ kankan kò ké. Nígbà náà, láti ẹ̀gbẹ́ Wangeci, níbi tí kò sí nǹkankan bí kò ṣe ìkùukùu:

"Mo wà níbí, Afande."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Kariithi gbọ́ ọ, ó sì di tẹlifíṣọ̀n kékeré mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Lórí ilẹ̀ pupa, àmì àtẹ́lẹsẹ̀ kan hàn, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹnì kan ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó sì dúró.

Ó ń dúró de nǹkan kan. Gathoni wo Bàbá Mbogori, ó sì rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú bàbá náà ti funfun bí eérú, ṣùgbọ́n ó mi orí sí i.

"Ìlà," ni Gathoni wí, "ẹ túká." Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí èèyàn rẹ̀ ni: "Theuri, ó tó. Ẹ máa lọ sílé."

Atẹ́gùn fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmì ẹsẹ̀ náà yí padà, ó kọjú sí òkè kejì, níbi tí ilé Ìyá àgbà wà, ó ń lọ láìsáré láàárín koríko títí wọn ò fi rí i mọ́.

Wangeci bú sẹ́kún. Gathoni dì mọ́ ọn, ó sì gbóná bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú eérú. Obìnrin tíì sáré wá pẹ̀lú ife, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò mọ bí òun ṣe fo ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa àwòrán ọjọ́ yẹn.

Wọn ò tíì dé ojú títì tí fóònù Gathoni fi dún.

"Ara mi," ni Ìyá àgbà wí. "Wangeci ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń jẹ màǹdàsí kẹrin."

"A dúpẹ́." Ewúrẹ́ kankan kò ké lọ́dọ̀ rẹ̀. "Kí lo sọ fún òun?"

"Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ohùn Ìyá àgbà ti dà bíi ti ọmọdé. "Àwọn ewúrẹ́ ti tò sẹ́bàá ọgbà, gbogbo wọn ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan dúró síta. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì lọ."

"Ìyá àgbà, ẹ má ṣí i! Ẹ dúró dè wá!"

"Kò lè wọlé bí wọn ò bá pè é. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Gathoni gbọ́ bó ṣe gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí ilẹ̀, àti bí ó ṣe ń fa àga kejì súnmọ́ iná. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn nínú yàrá náà, ó gbọ́ tí Ìyá àgbà pe orúkọ tí kò pè fún àádọ́rin ọdún, bí àbúrò ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tó pẹ́ lóko.

Ilẹ̀kùn dún.